Ọjọ́ Mẹ́rin tí Ibà fi Mú Alákòóso

                                                            Yàrá Kẹfà, Àjà Kejì,
                                                            Ilé Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
                                                            Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èkejì tí o ní ó ti búra pé òun ò ní wọ bàtà láyé òun? Màmá rẹ ńkọ́? Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣé wọ́n ti ń fi ríran dáadáa? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé ìbáwí tí wọ́n fún àwa méjèèjì lọ́jọ́ tí a fi àlùmágàjí ọ̀gá wa gé ìwé. Ní tèmi, mo wà láàyè, mo sì ń jẹun. Ìyókù ni mo fẹ́ kọ sínú lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi, mo kà wọ́n ní àkàtúnkà, mi ò sì fèsì. Kì í ṣe ìgbéraga. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò, ohun tí ọwọ́ mi máa ń kọ ni pé dáadáa ni gbogbo wa wà, irọ́ náà sì ti sú mi. O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín ni màá fi bẹ̀rẹ̀. A ó sọ̀rọ̀ ọ̀gá wa, a ó sọ̀rọ̀ àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, nígbà tó bá sì fi máa kan ohun tó wà nínú mi, ìwọ á ní ọmọ ń pè ọ́, èmi á ní kò burú. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o mọ̀ dé. O mọ̀ pé làkúrègbé ti mú mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí. Ohun tí o kò mọ̀ ni bó ṣe pọ̀ tó, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ọ. Oríkèé ìka, ọrùn ọwọ́, èjìká ọ̀tún, orúnkún méjèèjì, ńṣe ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn ọlọ́dẹ. Tí èyí bá lọ sinmi, tọ̀hún á wọlé. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á le gbagidi bí aṣọ tí sítáàṣì rẹ̀ pọ̀ jù, màá sì ki wọ́n bọ omi gbígbóná títí kí n tó lè de bọ́tìnì aṣọ ara mi. Mi ò gé aṣọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ilé ìwé kan ló ń gé e fún mi, èmi á sàmì sí i, màá fi ẹ̀rọ rán an nílé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tèmi ò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrègbè, mi ò wá mọ ẹgbẹ́ tí mo wà.

Ọmọ náà ti pé ọdún méjì àti oṣù méje báyìí. Alákòóso ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó máa wọlé wa tí kò ní nàka sí ibi tí onítọ̀hún máa jókòó sí. Àwa méjèèjì ní ètò tiwa. Mi ò kì í gbé e. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Á gun àpótí, á ti orí àpótí gun àga, á ti ibẹ̀ gun itan mi. Ó ń wọ bàtà ara rẹ̀, ó ń gbé ife ara rẹ̀ wá, ó sì mọ ọwọ́ tó yẹ kó dì mú lọ́jọ́ tí èkejì bá ń ro mí. Ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ máa ń yìn ín pé ọmọ yìí mà gbọ́n o. Mi ò sọ fún un rí pé ìrora mi ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá le, ètò yìí ń lọ geerege. Bí àìsàn bá dé, gbogbo ọgbọ́n náà á fò lọ, á padà di ìkókó. Kò ní gun ohunkóhun mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń fẹ́, òun náà sì ni ohun tí mi ò lè ṣe fún un, pé kí n gbé e.

Kí n tó sọ bí ibà ṣe dé, ó yẹ kí o mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bàbá Alákòóso ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Bó bá ti jáde, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìparí ọdún tó kọjá ni Màmá, ìyá ọkọ mi, ti ń sọ pé kí a gbé ọmọ náà wá fún àwọn títí ọwọ́ mi á fi san. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o, má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ara wọn le koko, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ náà dé góńgó. Mo bẹ ọkọ mi, a fẹnu kò pé kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó ní bí àìsàn kan bá tún dé tí apá mi ò ká a, ohun tí Màmá wí la máa ṣe. Nítorí náà, ibà tó dé yìí kì í ṣe ibà lásán fún mi. Ìdánwò ni, mo sì ti pinnu pé màá yege níbẹ̀ láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo ṣe ìdánwò kankan.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fi pè mí pé ara Alákòóso gbóná, kí n wá mú un. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, ó nà án sí mi bí ènìyàn ṣe ń na ẹrù síni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà á. Ọwọ́ mi ò lè dì í mú, apá ni mo fi há a mọ́ àyà. Òpópónà méjì péré ni ibẹ̀ sí ilé wa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì dúró. Nígbà kẹta, orí bẹ́ǹṣì aránbàtà tó wà ní oríta ni mo jókòó sí. Aránbàtà náà bi mí bóyá mò ń dúró de ẹnì kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà bá sún díẹ̀, kí ẹni tí mò ń dúró dè lè ríbi jókòó tó bá dé.

Ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ ló bá mi gbé e dé ilé ìwòsàn kó tó lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán tó ń ṣe. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ló wú. Oògùn méjì ló fún wa. Ọ̀kan fún ọ̀fun, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀kan fún ibà, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ó sì kìlọ̀ gidigidi pé mi ò gbọ́dọ̀ fún un kí wákàtí mẹ́fà tó pé, torí bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa bá jà. Ìdérí ìgò ti ibà yìí jẹ́ irú èyí tí a ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó yí i, kí ọmọdé má baà lè ṣí i. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé ò lè ṣí i, ìyá ọmọdé náà ò lè ṣí i. Mo fi eyín, mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn, níkẹyìn àlùmágàjí ni mo fi gba ara mi sílẹ̀, mi ò sì dé e mọ́. Ife ni mo dà bò ó lórí pẹpẹ tó ga jù nínú ilé.

Mo wọ́ fóòmù wá sílẹ̀, àwa méjèèjì sì ń gbé ilẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Gbogbo ìgbà ló ń na ọwọ́ sókè pé kí n gbé òun. Màá ní kó wá gùn mí. Á mi orí, á sunkún, á tún na ọwọ́. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni á tó wá sùn lé mi láyà, mi ò sì ní lè yí padà títí á fi jí. Ohun kan wà tó ń tì mí lójú láti kọ. Bí ara rẹ̀ bá gbóná bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ooru ara rẹ̀ máa ń tu oríkèé mi lára ju omi gbígbóná lọ. Ibà ọmọ mi ń ṣe mí lóore. Mo mọ̀ pé mi ò jẹ̀bi, síbẹ̀ mi ò tíì lè dárí ji ara mi.

Màmá máa ń pè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọmọ ń sùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún ní ọmọ ń sùn. Wọ́n ní ọmọ yìí mà ń sùn o. Mo ní ó ń dàgbà ni.

Kí n má baà gbàgbé wákàtí oògùn, ohun tí mo mọ̀ ni mo lò. O mọ̀ pé aṣọ dúdú ni mo fi bo tábìlì iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti fún ọmọ ní oògùn ibà, màá fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ilà kan sí i, màá kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró ni mo fi ń sàmì oògùn ìrora tèmi. Ọgbọ́n náà wú mi lórí. Mo ní bí ọ̀gá wa bá rí mi, wọ́n á gbà lẹ́ẹ̀kan pé mo mọ nǹkan ṣe.

Ní Ọjọ́bọ, ó kù díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, obìnrin tó ń bá ṣọ́ọ̀bù kó iṣẹ́ wá gba síkẹ́ẹ̀tì méjìlá. Mo tẹ́ èyí tó kẹ́yìn sórí tábìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn ṣọ́ọ̀kì ara rẹ̀ nù, mo ká a, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. O rántí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ, pé aṣọ tó bá jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ẹni tó rán an ló dọ̀tí, àti pé iṣẹ́ tuntun kò gbọ́dọ̀ bá ṣọ́ọ̀kì iṣẹ́ àná lórí tábìlì. Ọdún mẹ́rin la fi gbọn tábìlì fún wọn. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ara ń ro mí, ọwọ́ mi ò sì dúró bi mí léèrè. Kí obìnrin náà tó dé ìsàlẹ̀, mo ti gbọn tábìlì náà mọ́ tónítóní, mo tilẹ̀ tún aṣọ orí rẹ̀ nà.

Mo yíjú, mo rí i pé Alákòóso ń gbọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kan pàtó. Mo wo tábìlì kí n lè mọ ìgbà tí mo fún un ní oògùn kẹ́yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé mo fún un ní aago mọ́kànlá? Mo rántí ṣíbí lọ́wọ́ mi. Mo rántí pé ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ti òní nìyẹn àbí ti àná? Ìgò ò lè sọ fún mi, torí mo ti da díẹ̀ nù níbi tí mo ti ń bá a jà. Bí mo bá ti fún un, tí mo tún fún un, mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é léṣe. Bí mi ò bá tíì fún un, á jẹ́ pé láti ìdájí ló ti wà láìsí oògùn. Mo pe ilé ìwòsàn, ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kò burú, màá gbé e lọ fúnra mi.

Mo kúnlẹ̀, mo ki apá bọ abẹ́ rẹ̀, mo gbìyànjú láti dìde. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó rọra yọ́ kúrò lápá mi padà sórí fóòmù. Kò fara pa. Ó wò mí, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n.

“Fi mí sílẹ̀, Màámi,” ó ní. “Màá rìn.”

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò sunkún lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ yìí, ṣùgbọ́n mo sunkún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ ọdún méjì tí ibà ń dà láàmú ti ń ṣe àgbà nítorí tèmi. Mo mú fóònù, mo pe Màmá.

Mi ò kí wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sílẹ̀, ọjọ́ Ajé, ìgò, ṣọ́ọ̀kì, àti oorun tí mo fi purọ́ fún wọn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n bi mí bóyá ó ń mí dáadáa, bóyá ó ń mu omi. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, kí n fi tówẹ̀lì àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún, kí n má sì fún un ní oògùn kankan. Kí a kà á sí pé mo ti fún un. Láàárín wákàtí kan àtààbọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin gbé ọmọ mi lọ́wọ́ kan, wọ́n gbé báàgì lọ́wọ́ kejì, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láì dúró. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mò ń di ara ògiri mú. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní bí a ò ṣe fún un ní oògùn mọ́ yẹn ló dára jù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ibà ti lọ, Alákòóso sì ti ń nàka sí àga tí Màmá máa jókòó sí.

Màmá rí gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé yìí. Wọ́n rí ife tí mo dà bo ìgò, wọ́n rí fóòmù nílẹ̀, wọ́n rí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi kan. Wọn ò sọ pé ṣebí àwọn ti wí. Ì bá ṣe pé wọ́n sọ ọ́ ni, màá rí nǹkan fi bínú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ sínú báàgì, wọ́n ń ká a wẹ́wẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń ká a.

“Títí ọwọ́ ẹ á fi san ni,” wọ́n ní. “Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ.”

Mo ní ẹ ṣeun, Màmá. Ọkọ mi náà sọ lórí fóònù pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, Alákòóso bojú wẹ̀yìn, ó ní kí n lọ jókòó, pé òun ń bọ̀.

Ọjọ́ kejìlá rèé. Ilé dákẹ́. Ibi tó bá wù mí ni mò ń jókòó sí, kò sí ẹni tó ní kí n dìde. Mo ti mọ ìró gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí, mo mọ èyí tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ilé búrẹ́dì tó wà níwájú wa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé obìnrin tó ń kó síkẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo máa bá sọ̀rọ̀, iye síkẹ́ẹ̀tì la sì máa sọ. Èyí tó burú jù ni pé ọwọ́ mi ti dẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fà á, kò sí ẹni tó ń gùn mí, ó sì ti ń padà bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìgò oògùn ibà sọ̀ kalẹ̀ kí n lè dà á nù. Màmá ti dé e pa. Mo tẹ ìdérí rẹ̀, mo yí i, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ìgò tó ṣí lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tí màá fún. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ṣé o rí i, ìsinmi ni o nílò. Wọ́n jàre, òun gan-an ló sì ń dùn mí.

Wàyí o, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà tó ń tọ́jú oríkèé sọ fún mi pé ọwọ́ yìí kò ní san. Ó ní oògùn á máa dín in kù, pé ọ̀sẹ̀ kan á dára, ọ̀sẹ̀ mìíràn á le, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa bá a gbé nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá sílé, mo dáná. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí Màmá sọ pé títí ọwọ́ mi á fi san, èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú yàrá yẹn pé ọjọ́ náà kò sí, mo sì ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ti dákẹ́ títí ó fi gbé ọmọ mi lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ wọkọ̀ lọ bá wọn. Mo fẹ́ sọ fún Màmá pé ọwọ́ yìí kò ní san, kí n sì tún sọ pé mo fẹ́ ọmọ mi. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí n lè pè wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n wá bá mi gbé e, dípò kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n lè ní bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ kúkú dúró lọ́dọ̀ àwọn, ọkọ mi sì lè gbà pẹ̀lú wọn, ẹnu wọn á sì gbà á sọ. Bóyá ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ọ. Bí mo bá ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lọ́la, ẹnì kan ti mọ̀ nìyẹn, mi ò sì ní lè ṣe bí ẹni pé dókítà ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bá mi kí baálé rẹ àti àwọn ọmọ. Kí o kí Màmá rẹ dáadáa, kí wọ́n má fi ojú wọn wo iná tó mọ́lẹ̀ jù. Bí o bá rí ọ̀gá wa, kí wọn fún mi, ṣùgbọ́n má sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì fún wọn. Nígbà tí o bá ń fèsì, mo bẹ̀ ọ́, má bi mí bóyá ọwọ́ mi ti yá. Bi mí bóyá mo ti lọ mú ọmọ mi.

                                                            Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

                                                            Ìyá Alákòóso.